Ọ̀gá Tó Kọ̀ Láti Jẹ́ Àbúrò

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹni ńlá, ẹ jókòó dáadáa kí n fi ọ̀kan hàn yín. Orúkọ rẹ̀ ni Theophilus Adélékè, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wáṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Adélékè, kò ní gbọ́. Bí ẹ bá pè é ní Dáírẹ́kítọ̀, yóò yí ọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní Dáírẹ́kítọ̀ wa, Baba Ìmọ̀, Àtùpà Ìjẹ̀bú, yóò dúró, yóò tún fìlà rẹ̀ ṣe, yóò sì bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí òun ṣe fún yín. Kò ní ṣe é o. Ṣùgbọ́n yóò bi yín.

Láràárọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá dé ẹnu géètì, dírẹ́bà á fọn fèrè, máígáàdì á sáré ṣí géètì, á nà gbọnran, á kígbe pé, "Ẹ káàárọ̀ sà!" Theophilus kì í dáhùn. Ìka kan ló máa ń gbé sókè lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò, ìka náà á sì tún padà sórí ikùn rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ni igbákejì rẹ̀, Azeemah, yóò ti dúró pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe lójúmọ́ ni pé kí wọ́n béèrè bí ọ̀gá ṣe sùn. Ọ̀gá máa ń lá àlá púpọ̀, àlá náà máa ń gùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé fáìlì wọlé kí ó tó rọ́ ọ tán.

"Áà, sà," Azeemah á ní, "irú àlá yìí, àwọn ẹni ńlá nìkan ló ń lá a."

Ẹ má bú Azeemah o. Ìgbéga rẹ̀ wà lábẹ́ kálàmù ọ̀gá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dí ayọ̀ ọkùnrin yìí lọ́wọ́, ìyẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, ó lọ sí kóòtù, ó búra pé ọdún báyìí ni wọ́n bí òun. Kóòtù gbà á gbọ́, ìjọba sì gbà á gbọ́. Ìyá tó bí i nìkan ni ì bá sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pe ìyá sí kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́jọ ṣe sọnù nínú ayé Theophilus tí kò sì sẹ́ni tó wá a. Nínú fáìlì, ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún. Nínú orúnkún rẹ̀, ó ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ìjọba sì ti sọ pé ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta, ilé yá.

Bí ẹ bá rò pé owó oṣù ló ń bà á lẹ́rù láti pàdánù, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni Ọ̀gbẹ́ni Frederick. Frederick ni ó wà lórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀, nígbà tó wà níbẹ̀, bí ó bá wúkọ́, ọ́fíìsì mẹ́rin ló ń dáhùn. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó wá kí wọn lọ́jọ́ kan. Theophilus wà lójú fèrèsé lókè, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i: máígáàdì na ọwọ́ síta, ó dá Frederick dúró, ó ní, "Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?" Frederick dúró síbẹ̀, ó ń wá èsì tó bá ìbéèrè náà mu bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Òfin ni máígáàdì ń tẹ̀ lé. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́, bó ti wù kó tóbi tó, gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó wá rí. Theophilus fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i, ó kàn ti gbàgbé ni. Ó fa kọ́tìnì. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun kò ní dúró lẹ́nu géètì yẹn láéláé.

Nígbà tí ó ń ronú bí yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀, Mádáàmù Mọ́ṣádé ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ronú ní Ayépé.

Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni Mọ́ṣádé kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó wá kí òun ló ń gba òun nímọ̀ràn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi òun ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó lọ tọrọ kíláàsì kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì kéde pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgbàlagbà yòówù tí ọ̀rọ̀ ayé bá ń yọ lẹ́nu lè wá kí àwọn jọ rò ó. Ó pè é ní Kíláàsì Ìrònú. Lórí ìjókòó àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n ń jókòó, orúnkún kálukú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Òfin kíláàsì náà kò pọ̀. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ gan-an ni kí o sọ, má wàásù. Bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀ tán, má gbà á nímọ̀ràn, ìbéèrè ni kí o bi í. A ó sì fi oyè wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà.

Haneef, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní oníkẹ̀kẹ́ kan ha òun lára lọ́nà Odogbolu, òun sì sọ̀ kalẹ̀, òun gbá a létí.

"Nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀," Mọ́ṣádé bi í, "àwọn ta lo fi sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́?"

Haneef rò ó. "Aboyún kan ni, Mọ̀mí. Àárín títì ni mo fi wọ́n sí." Ó sorí kọ́. Wọn kò tún gbọ́ pé ó gbá ẹnikẹ́ni létí mọ́.

Àlájà Kúbúrátù, tó ń ta síméǹtì, ló tẹ̀ lé e. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi bi í ní ìbéèrè díẹ̀díẹ̀, kò sí ìkánjú níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sùn dáadáa ní Ayépé. Ìròyìn sì dé orí rédíò.

Orí rédíò yẹn ni Theophilus ti gbọ́ ọ. Ó pe Azeemah.

"Azeemah, ta ló fún wọn láṣẹ láti ronú?"

"Kò sẹ́ni tó fún wọn, sà. Wọ́n kàn ń ronú ni."

"Láìsí fáìlì?"

"Láìsí fáìlì, sà."

Theophilus mi orí tìkà-tẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n Azeemah fi kún un pé ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbọ́ nípa kíláàsì náà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ẹni tí wọ́n bá sì fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀ yóò wà lórí àga títí di àádọ́rin ọdún. Àádọ́rin! Ọ̀gá wa dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó rí géètì ọ́fíìsì lọ́kàn rẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ nínú mọ́tò tó ń wọlé, tó ń wọlé, tó ń wọlé láìdúró.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ayépé bá àga gíga kan nínú kíláàsì wọn, tìmùtìmù pupa wà lórí rẹ̀, wọ́n gbé e sórí pèpéle. Àwòrán Theophilus wà lára ògiri, ó tóbi ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Lẹ́yìn tí ooru ti mú kálukú dáadáa, ọ̀gá wọlé, ó sì la ẹnu.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin àgùntàn ìmọ̀! Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, fìlọ́sọ́fì ti ń rìn kiri bí ọmọ tí kò ní baba. Ó dé Gíríìsì, wọn kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ó dé ìlú Òyìnbó, wọ́n tì í mọ́ inú yunifásítì. Lónìí, ó dé Ayépé, ó sì bá èmi! Láti òní lọ, ìbànújẹ́ ti di ohun èèwọ̀ ní gbogbo agbègbè tí ọ́fíìsì mi ń bójú tó!"

Azeemah pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù wo ara wọn, wọ́n bá a pa díẹ̀.

Ó wá ka àwọn àṣẹ tuntun. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè tí ọ́fíìsì kò tíì yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ṣì ní àròkàn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kẹta yóò fẹnu ara rẹ̀ wí ìdí tí a kò fi ní bá a wí. Sáátífíkéètì Ìfọ̀kànbalẹ̀ yóò wà, ìdánwò yóò sì ṣáájú rẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ bá já nínú ìdánwò náà ti fìdí rẹmi. Mádáàmù Mọ́ṣádé, nítorí iṣẹ́ ribiribi rẹ̀, ni ó fi jẹ Igbákejì Olùdarí lórí Ọ̀rọ̀ Ṣọ́ọ̀kì. Mọ́ṣádé wo ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ jókòó lẹ́yìn.

Èyí tó dùn mọ́ ọ̀gá jù lọ nínú àṣẹ rẹ̀ ni ti ìjókòó. Ẹ mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, a ní regbẹ́regbẹ́: àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan sí ara wọn, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, ẹgbẹ́ náà lórúkọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá sì gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ ti mọ ọjọ́ orí rẹ láì bi ọ́. Theophilus ní ìlà-ìlà ni kí àwọn ọkùnrin jókòó, regbẹ́regbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kí àgbà wà níwájú, kí ọmọdé wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá kéré jù nínú ìlà tó gbẹ̀yìn, òun ni yóò máa nu pátákó. "Ọ̀wọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìrònú," ni ó wí. Òun ní tirẹ̀ kò sí nínú ìlà kankan. Orí pèpéle ni ó wà, lórí tìmùtìmù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi í ní ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe òmùgọ̀.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní dá lórí ìtẹ́lọ́rùn, ọ̀gá sì fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣàlàyé bí òun ṣe ní ìtẹ́lọ́rùn ju ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ kejì dá lórí ìrẹ̀lẹ̀. Ìyẹn tilẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Haneef sùn lọ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kẹta ń lọ, Àlájà Kúbúrátù na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí pé ara àbúrò mi kò yá. Mo fẹ́ lọ, mi ò sì fẹ́ lọ. Mo ní kí n bi..."

"Àlájà," Theophilus dá a dúró, ó fi ìka kan sókè, "ṣé ọ́fíìsì ti yẹ ìbéèrè yín wò?"

Kúbúrátù rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ohun tí ọ̀gá ṣe yìí kò dára, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó. Nígbà tí wọ́n túká, Mọ́ṣádé dì í mú níta, òun, Haneef àti Ọ̀gbẹ́ni Frederick, tó ti ń wá sí kíláàsì náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu géètì, dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìbéèrè kan péré ni Mọ́ṣádé bi í: "Bí ẹ bá dé ọ̀hún tí àbúrò yín kò sọ̀rọ̀, kí lẹ máa ṣe?" Kúbúrátù ní òun á kàn jókòó tì í. Ó sì gun kẹ̀kẹ́ Haneef lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Láti ọjọ́ náà, inú kíláàsì ni wọ́n ti ń gbọ́ ìwàásù, ìta ni wọ́n ti ń ronú.

Ọdún Iléyá dé, Ojúde Ọba sì dé lọ́jọ́ kẹta rẹ̀. Gbogbo ọdún tí Theophilus fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kì í bá ẹgbẹ́ kankan jáde lọ́jọ́ náà. Á ní iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ tí ó tọ́ sí i gan-an, Ẹgbẹ́ Jọ́baláyọ̀, ń wá ẹni tó ga, tó sanra, tó mọ̀ ọ́n rìn, tí yóò di ọ̀pá àṣẹ mú níwájú wọn. Wọ́n wá bá a nílé. Wọ́n ní bí kò bá ṣe òun, ta ni ì bá tún jẹ́?

Ìyàwó rẹ̀, Déọlá, dúró kí wọ́n lọ tán. "Bàbá Ayọ̀fẹ́, ṣé ẹ ti gbàgbé kóòtù ni?"

"Déọlá, ta ló ń ṣírò ọdún níbi ayẹyẹ?"

"Gbogbo Ìjẹ̀bú ni."

"Jẹ́ kí wọ́n ṣírò. Ṣé àwọn Ìjẹ̀bú ló ń fi ènìyàn joyè ní Abẹ́òkúta?"

Ó jáde. Ó rìn. Ẹ wo bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀! Ó di ọ̀pá mú, ó ń mi èjìká, ó dúró ní gbangba kí àwọn oníkámẹ́rà lè yà á dáadáa, orúkọ Jọ́baláyọ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀ nínú àsíá. Azeemah rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú rí i, wọ́n ṣírò, wọ́n sì tún un ṣírò. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kí i kú ọdún, wọ́n bi í bó ṣe sùn, wọ́n sì panu mọ́. Ọ̀gá rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ìyáàfin Jọmílójú dé láti Abẹ́òkúta. Òun ni ìjọba rán láti wo kíláàsì náà kí ó sì sọ ẹni tó yẹ ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, Ẹ̀gbá ni, ó ti ka fáìlì Theophilus dáadáa kó tó wá, fáìlì náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀gá ti kọ́ kíláàsì ní pàtẹ́wọ́ mẹ́rin tí wọn yóò pa, ti ìkíni, ti ìyìn, ti ìyàlẹ́nu, ti ìdágbére. Ó ti kó gbogbo ọkùnrin tó ní ẹgbẹ́ sí ìlà wọn, àwọn ọ̀dọ́ bíi Haneef tí kò tíì ní ẹgbẹ́ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ohun kan ló gbàgbé. Àlejò kò ní àga.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ni ẹ máa ṣe? Theophilus wo àga onítìmùtìmù rẹ̀, ó wo àlejò, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ikùn rẹ̀ ṣe gbà. "Ìyá wa, ẹ gùnkè wá, ẹ jókòó." Jọmílójú dúpẹ́, ó jókòó. Àwọn ènìyàn pa pàtẹ́wọ́ ti ìyàlẹ́nu, wọ́n ṣì í pa.

"Ètò ìjókòó yìí wù mí," Jọmílójú wí. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin náà, Dáírẹ́kítọ̀, ìlà wo ni tiyín? Ẹ lọ jókòó sáàárín ẹgbẹ́ yín, kí a rí ìrẹ̀lẹ̀ tí ẹ ń kọ́ wọn."

Iwájú pátápátá ni ìlà Jọ́baláyọ̀ wà, Frederick jókòó níbẹ̀, ó sì ti sún fún un. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ìlà àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá ti inú fáìlì mu. Abdulrauf tẹ́lọ̀ ni àgbà ìlà náà. Ọmọ àdúgbò kan náà ni òun àti Theophilus ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí ọmọ tí Theophilus kò gbá létí ní àdúgbò náà nígbà yẹn, àgàgà Abdulrauf. Ọ̀gá wo iwájú. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo báàgì Jọmílójú, níbi tí fáìlì rẹ̀ wà. Ó rántí géètì. Ó gbé ẹsẹ̀, ó sì kọrí sẹ́yìn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìrìn yẹn kò rọrùn fún un. Ó ń kọjá láàárín àwọn tó mọ̀, ó ń kí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ó sì fi ìdí lé etí ìjókòó. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, òun ni ì bá jẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí dòní.

Abdulrauf fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti kékeré, láìmọ̀ pé ó ń dúró dè é. Ó mú dọ́sítà, ó nà án sí i.

"Káàbọ̀, àbúrò mi," ó wí. "Ìwọ lo dé gbẹ̀yìn, ìwọ náà lo kéré jù nínú wa. Dìde, lọ nu pátákó fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ."

Etí Theophilus pọ́n. *Àbúrò. Ìwọ. Dìde.* Ó gba dọ́sítà. Mo ní ó gbà á! Ìgbà yẹn ni Frederick yí ojú padà láti iwájú, tó ní, "Ẹ má kán an lójú. Ọmọdé ni, yóò mọ̀ ọ́n nù bó bá yá."

"TA NI ỌMỌDÉ?"

Dọ́sítà fò lu ògiri, eruku ṣọ́ọ̀kì sọ bí èéfín. Theophilus ti dìde.

"Ta ni àbúrò? Abdulrauf! Èmi tí mo gbé ọ kọjá àgbàrá lọ sílé-kéú, tí ikun rẹ ń ṣàn sí mi lọ́rùn? Èmi lo pè ní ìwọ? Ẹ lọ béèrè ní Ìjẹ̀bú-Òde! Kí wọ́n tó fa àsíá Òyìnbó sọ̀kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ! Mo ti ń rìn! Mo ti ń sọ̀rọ̀! Bàbá mi gbé mi lé èjìká lọ́jọ́ òmìnira, mo sì fi ọwọ́ ara mi ju àsíá tiwa! Ta ló di ọ̀pá mú níwájú Jọ́baláyọ̀ tí gbogbo ayé rí? Èmi ni! Èmi Theophilus! Ẹ̀gbọ́n gbogbo yín ni mí!"

Ó rìn gbẹndẹkẹ lọ síwájú, ó ti Frederick sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jókòó sáyè rẹ̀ nínú ìlà àwọn àgbà. Inú rẹ̀ dùn. Fún ìṣẹ́jú kan báyìí, kò sí ọkùnrin tí inú rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ní gbogbo Ayépé.

Lẹ́yìn náà ni ó wò yíká. Azeemah ń wo àjà. Haneef ń fi ìka ṣírò lábẹ́ tábìlì. Lórí tìmùtìmù pupa, Ìyáàfin Jọmílójú bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ọjọ́ òmìnira," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣé, Bàbá. N kò mọ̀ pé ẹ ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá! Kò pè é ní Dáírẹ́kítọ̀ mọ́. Láti ẹ̀yìn, níbi tí ṣọ́ọ̀kì wà, Mọ́ṣádé sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bọ̀ níbí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an."

Àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́rin tí ó kọ́ wọn.

Ìjọba kò pariwo. Wọ́n kọ̀wé sí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi. Jọmílójú sọ fún wọn ní Abẹ́òkúta pé kíláàsì náà kò nílò ilé ńlá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Mádáàmù Mọ́ṣádé bó ṣe wà. Azeemah bọ́ sórí àga ọ̀gá. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ tò sórí àtẹ̀gùn, wọ́n bi í bó ṣe sùn, ó ní òun sùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Theophilus jókòó sílé. Fóònù rẹ̀ kò dún. Nígbà tó ṣe, ó ní òun fẹ́ lọ kó àwòrán òun tó kù ní ọ́fíìsì, ó wọ aṣọ tó dára, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Máígáàdì na ọwọ́ síta.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?"

Ó dúró. Ó wo fèrèsé òkè. Kọ́tìnì ibẹ̀ kò mì. Ó yí padà láìsọ ohunkóhun, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà kó tó rántí pé òun lè pe kẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn Kíláàsì Ìrònú ṣí, ó wọlé. Àga gíga ti kúrò, ìlà ti tú. Haneef sún, ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Ó jókòó sórí ìjókòó ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nígbà tó kàn án, ó kọ́kọ́ wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ wàásù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ géètì. Gbogbo rẹ̀ ló sọ, títí kan ti Frederick àti kọ́tìnì tí ó fà, Frederick sì ń gbọ́. Ó ní, "Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń ṣí géètì fún mi. Ó wo ojú mi, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ rí." Omi lé sí i lójú. Ó dun èmi tí mò ń rọ́ ìtàn yìí pàápàá.

Kò sẹ́ni tó gbà á nímọ̀ràn. Àlájà Kúbúrátù ló na ọwọ́. Ó ti lọ rí àbúrò rẹ̀, wọ́n ti ń jẹun pọ̀, ojú rẹ̀ sì ti rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "kí ni orúkọ máígáàdì náà?"

Theophilus la ẹnu. Ó rò ó. Ó rí géètì tó ń ṣí, ó rí ọwọ́ tó kan fìlà, ó gbọ́ ohùn tó ń kí i káàárọ̀. Ó tún rò ó. Ó wá pa ẹnu dé, ó sì wo ilẹ̀ títí wọ́n fi túká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà lọ sí ọ́fíìsì. Kò wọ aṣọ tó ń dán. Máígáàdì ń gbá ẹnu géètì, ó rí i, ó fi ọwọ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ síta bí òfin ṣe wí.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?"

"Ìwọ ni," Theophilus wí. "Ìwọ ni mo wá rí."

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn dúró níbẹ̀.

"Mo wá béèrè orúkọ rẹ."

"Olúwaṣèyítán ni, sà," ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ó wọnú yàrá kékeré rẹ̀ lọ, ó gbé àga onígi kan ṣoṣo tó ní jáde, ó fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀, ó sì gbé e fún ọ̀gá.